Iná oòrùn láti Ọsirélíà dé Singapore: orí wáyà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà

Bí a bá ti dárúkọ iná sólà, pánẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bó bá di pé kí wọ́n kó iná oòrùn láti ilẹ̀ kan lọ tà fún ilẹ̀ mìíràn lókè òkun, pánẹ́ẹ̀lì ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Wáyà tó máa gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá ló ń gbé iṣẹ́ náà dúró, òun náà ló sì lè wó o. Owó tó ń gùn lé e lórí pọ̀ débi pé kò yẹ kó sinmi fún wákàtí kan. Bó bá sì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè gba oṣù mẹ́fà kó tó tún gbé iná. Ohun méjì yìí ló ń pinnu bí bátìrì ṣe máa pọ̀ tó, ọ̀nà tí wáyà máa gbà, àti ẹni tó máa sanwó.

Iṣẹ́ tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti ilé iṣẹ́ SunCable ní Ọsirélíà, tí wọ́n ń pè ní Australia-Asia PowerLink. Powell Creek ni wọ́n yàn fún pánẹ́ẹ̀lì, nítòsí ìlú kékeré Elliott ní Northern Territory, lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 12,000. Láti ibẹ̀, wáyà orí òpó yóò rin nǹkan bí kìlómítà 800 lọ sí Darwin létí òkun. Ní Darwin ni wáyà yóò ti wọ omi, yóò gba inú omi Indonéṣíà kọjá, yóò sì rin nǹkan bí kìlómítà 4,300 kó tó gúnlẹ̀ sí Singapore. Viking Link tó so ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Dẹ́nmákì wà lára àwọn wáyà iná abẹ́ òkun tó gùn jù lágbàáyé. Kìlómítà 765 ni gígùn rẹ̀, tí a bá ka apá tó wà lórí ilẹ̀ mọ́ ọn, ìparí ọdún 2023 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Ọsirélíà yìí ju ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ náà ti rí ọjọ́ líle. Ní oṣù kìíní 2023, àwọn olówó méjì tó ń gbé e dúró, Mike Cannon-Brookes àti Andrew Forrest, kò fẹnu kò mọ́ lórí bí wọ́n ṣe máa náwó sí i, ilé iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó tí òfin ń yàn fún ilé iṣẹ́ tí owó há mọ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Cannon-Brookes ló rà á lọ́dún kan náà. Ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà fọwọ́ sí i ní ti ọ̀rọ̀ àyíká. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Energy Market Authority, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Singapore, fún un ní àṣẹ tó ní májẹ̀mú, pé ó lè kó gígáwáàtì 1.75 wọlé. Gígáwáàtì kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,000. Nọ́ńbà 1.75 yẹn ni màá máa lò nínú gbogbo ìṣirò tó ń bọ̀.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé Singapore fẹ́ ra iná láti ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Gáàsì ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 iná wọn, láti ìta sì ni wọ́n ti ń ra gáàsì náà. Gbogbo ilẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí kìlómítà 735 níbùú lóròó lọ. Hẹ́kítà 12,000 ti Powell Creek jẹ́ 120 nínú irú kìlómítà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí Singapore, yóò gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra iná tó tó mẹ́gáwáàtì 100 láti Laos, tó ń gba Thailand àti Malaysia kọjá. Èrò wọn ni pé kí iná tí wọ́n ń rà láti ìta tó nǹkan bí gígáwáàtì 6 tó bá fi máa di ọdún 2035.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí wáyà.

Ẹni tó bá ní inverter nílé mọ̀ pé iná DC, tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, ni ti bátìrì; iná AC, tó ń lọ tó ń bọ̀, ni ti NEPA. Iná tí Nàìjíríà ń tà fún ilẹ̀ Benin ń gba orí òpó láti Ikeja West lọ sí Sákété, lórí wáyà AC oní kílófóòtì 330, nǹkan bí kìlómítà 70. Ó ń lọ láìsí wàhálà torí pé afẹ́fẹ́ ló yí wáyà náà ká, ilẹ̀ sì jìnnà sí i. Bí ẹ bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ sínú wáyà abẹ́ òkun, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú wáyà abẹ́ òkun, kọ́pà wà láàárín, pílásítíìkì yí i ká, òjé sì bo ìta. Irin méjì, tí ohun tí iná kò lè gbà kọjá wà láàárín wọn: bí wọ́n ṣe ń ṣe kàpásítọ̀ inú fáànù gan-an nìyẹn. Wáyà náà ti di kàpásítọ̀ tó gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó sì gbọ́dọ̀ kún kí iná tó jáde lódì kejì.

Iná AC ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kíkún àti òfìfo yẹn kì í dáwọ́ dúró. Fún wáyà AC oní kílófóòtì 220, kíkún náà nìkan ń jẹ nǹkan bí áńpìà 8 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kìlómítà 100 á jẹ áńpìà 800. Tó bá jẹ́ pé áńpìà 1,000 ni wáyà náà lè gbé kó tó gbóná jù, nǹkan bí 600 ló kù fún ẹni tó ń sanwó iná. (Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe 1,000 ká yọ 800, àwọn méjèèjì kì í lọ ní àkókò kan náà, ìdí nìyẹn tó fi ku 600.) Bó bá dé kìlómítà 125, kò ku nǹkan kan. Wáyà náà ń gbóná, iná kò sì débì kankan. Ti DC yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ló ń kún nígbà tí wọ́n bá tan án, ó sì parí. Láti ọdún 1954 tí àwọn ará Sweden ti fi DC gbé mẹ́gáwáàtì 20 láti orí ilẹ̀ lọ sí erékùṣù Gotland ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà, kò sì tíì yí padà.

Torí náà ilé ìyípadà, tó ń sọ AC di DC tàbí DC di AC, gbọ́dọ̀ wà lódì méjèèjì. Ti Darwin yóò gbé iná sókè dé kílófóòtì 525 lórí wáyà kan, àti 525 ní òdì kejì lórí wáyà ìkejì, ọ̀kan pọ́sítíìfù, ọ̀kan nẹ́gátíìfù. Ti Singapore yóò sọ ọ́ di AC padà. Ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú 100 iná tó bá gbà á kọjá.

Èyí tí wáyà fúnra rẹ̀ máa jẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò. Gígáwáàtì 1.75 lórí 525 lọ́nà méjì jẹ́ nǹkan bí áńpìà 1,667. Ká ní kọ́pà inú wáyà nípọn tó mìlímítà 2,500 níbùú lóròó, èyí tó wà lára àwọn tó nípọn jù tí wọ́n ń lò. Kìlómítà kan irú rẹ̀ yóò jẹ nǹkan bí kílówáàtì 20, ìyẹn wáàtì 20 lórí mítà kan. Ẹ fojú inú wo gílóòbù LED oní wáàtì 20 kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan, láti Darwin títí dé Singapore, lórí wáyà méjì. Àròpọ̀ rẹ̀ ń lọ sí mẹ́gáwáàtì 172, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ohun tí wọ́n kó wọlé. Tí kọ́pà bá gbóná, ó tún máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ti ilé ìyípadà méjèèjì kún un, ẹ fi ti kìlómítà 800 orí òpó kún un, ìdá 13 sí 15 ni ẹni tó ń ṣètò gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Kílófóòtì 525 tó bá kúrò ní Darwin, nǹkan bí 473 ni yóò dé Singapore. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ilé ìyípadà tibẹ̀ láti gba èyí tó rẹlẹ̀ yẹn.

Lójú tèmi, ìdá 15 kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé ẹnikẹ́ni sá. Oòrùn Powell Creek ju ti Singapore tí kùrukùru máa ń bò lọ fíìfíì, àǹfààní yẹn sì ju àdánù náà. Ohun tó wúwo ni kọ́pà. Mítà kan irú wáyà yìí ní kọ́pà tó wọn nǹkan bí kílò 22. Ní ìlọ́po kìlómítà 4,300 àti wáyà méjì, ó lé ní tọ́ọ̀nù 190,000. Bí owó kọ́pà bá gbéra díẹ̀ lọ́jà àgbáyé láàárín ìgbà tí wọ́n ń dúnàádúrà àti ìgbà tí wọ́n ń rà, gbogbo ìṣirò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá gé wáyà náà sí méjì tí ẹ sì wo ojú rẹ̀, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15, ó sì ní ìpele bí àlùbọ́sà. Kọ́pà wà láàárín, ọ̀pọ̀ okùn kọ́pà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì fún ní ohun tó ń dí omi láàárín wọn, kí omi má baà sáré gba inú rẹ̀ lọ tí wáyà bá já. Lórí kọ́pà ni awọ pílásítíìkì dúdú fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán. Lẹ́yìn náà ni pílásítíìkì funfun tó nípọn ju sẹ̀ntímítà 2 lọ, òun ló ń di iná mọ́. Awọ dúdú tún bo ìyẹn. Lórí rẹ̀ ni téèpù tó máa ń wú tí omi bá kàn án, lẹ́yìn náà òjé tí omi kò lè là kọjá, lẹ́yìn òjé rọ́bà líle, lẹ́yìn rọ́bà okùn irin tó yí i ká ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àti níkẹyìn okùn pílásítíìkì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Iṣẹ́ okùn irin ni láti gbé ẹrù nígbà tí wọ́n bá ń sọ wáyà náà sílẹ̀ sínú ibú, àti láti gba ìkọlù. Mítà kan rẹ̀ wọn nǹkan bí kílò 50, àgbàlagbà méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà lè rìn jìnnà pẹ̀lú mítà méjì rẹ̀ léjìká.

Pílásítíìkì funfun yẹn ni ibi tí àṣìṣe ilé iṣẹ́ ń fara pa mọ́ sí. Wọ́n máa ń yọ́ ọ mọ́ kọ́pà lára nígbà tí kọ́pà ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé gogoro tó ga ju mítà 100 lọ. Ìdí tí ilé náà fi ga ni pé tí kọ́pà bá dùbúlẹ̀, pílásítíìkì tó ṣì rọ̀ yóò dà sí apá ìsàlẹ̀, kọ́pà kò sì ní wà láàárín gbùngbùn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gáàsì máa ń kù sínú pílásítíìkì náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi í sínú yàrá gbígbóná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ títí gáàsì náà yóò fi jáde tán. Bí wọ́n bá kánjú gbé e, gáàsì yóò wú nísàlẹ̀ òjé. Bí ihò tí ojú kò lè rí bá wà nínú pílásítíìkì, iná yóò máa ta pátá nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi di ọ̀nà, nígbà tí wáyà bá sì ti wà lábẹ́ omi ni yóò bú.

Gbígbé e lọ sójú òkun ní ìṣirò tirẹ̀. Leonardo da Vinci, ọkọ̀ òkun ilé iṣẹ́ Prysmian, ní àwo ńlá méjì tí wáyà máa ń ká sí, ọ̀kan gba tọ́ọ̀nù 10,000, ìkejì gba 7,000. Ní kílò 50 lórí mítà kan, ìrìn kan kò lè kó ju kìlómítà 340 lọ. Wáyà méjì oní kìlómítà 4,300 jẹ́ 8,600. Ìrìn 26 nìyẹn. Tí wáyà bá ń wọ inú ọkọ̀ ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, kíkó o sínú ọkọ̀ nìkan yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 24 fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, láì tíì kúrò ní èbúté. Ibi tí ẹrù ìrìn kan bá sì ti parí ni wọ́n ti máa so ó mọ́ ti ìrìn tó tẹ̀lé e, lójú agbami. Ojú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹgẹ́ jù nínú gbogbo wáyà. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n á parí irú iṣẹ́ yìí láàárín ọdún méjì, ẹ bi í pé ọkọ̀ mélòó ló ti háyà, àti pé ilé iṣẹ́ mélòó ló ń ṣe wáyà náà fún un. Ọkọ̀ irú èyí kò pọ̀ láyé, àwọn tó ń kọ́ ilé iná afẹ́fẹ́ sójú òkun Yúróòpù sì ti tò síwájú.

Lórí àwòrán ilẹ̀, ìlà tó tọ́ ni wọ́n máa ń fà. Ìsàlẹ̀ òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín Ọsirélíà àti erékùṣù Timor, kòtò kan wà tó jìn ju mítà 2,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Wáyà tó wọn kílò 50 lórí ilẹ̀ wọn nǹkan bí 32 nínú omi. Tó bá rọ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn, tọ́ọ̀nù 64 ni ọwọ́ ẹ̀rọ máa dì mú, ká tó wá sọ ti ìgbì tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò. Wọ́n ti fi wáyà iná sí ibú tó tó mítà 1,600 láàárín Sardinia àti ilẹ̀ Ítálì, nítorí náà ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò jìnnà sí òpin ohun tí ọwọ́ ti tẹ̀. Lẹ́yìn kòtò náà ni àwọn erékùṣù Indonéṣíà, níbi tí ilẹ̀ ti ń mì tí òkè iná sì wà, tí omi Pàsífíìkì sì ń fi agbára ṣàn gba àárín erékùṣù bọ́ sí òkun Íńdíà. Lẹ́yìn wọn ni òkun Java, tí kò jìn rárá, tí apẹja sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òpin rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà Singapore, ọ̀kan nínú ibi tí ọkọ̀ òkun ti pọ̀ jù lágbàáyé.

Ooru òkun náà ṣe pàtàkì, n kì í sì í gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ. Ní òkun àríwá Yúróòpù, ìsàlẹ̀ omi lè wà ní nǹkan bí 10 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní òkun Java, 28 ni ẹ máa bá. Bí kọ́pà kò bá gbọdọ̀ gbóná ju 70 lọ, ti Yúróòpù ní àyè ìwọ̀n 60 láti fi gbóná, ti Java ní 42 péré. Bí áńpìà bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru ń dì, nítorí náà iná tí wáyà kan náà lè gbé níbẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 kéré sí èyí tó ń gbé ní Yúróòpù. Tí wọ́n bá sì rì í jinlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí ìdákọ̀ró má baà kàn án, ẹrẹ̀ yẹn bò ó bíi kúbùsù, ooru kò tètè jáde. Rírì í mítà 3 ń gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀, ó sì ń dín iná tó lè gbé kù. Ẹni tó bá ń ra wáyà gbọ́dọ̀ ṣírò ibi tó gbóná jù ní gbogbo ọ̀nà náà, torí ibẹ̀ ló máa pinnu ìyókù.

Ní báyìí, bátìrì. Pánẹ́ẹ̀lì ní ibi tó dára gan-an ń ṣe iṣẹ́ tó tó wákàtí 6 kíkún lóòjọ́. Tí wọ́n bá so pánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ gígáwáàtì 1.75 mọ́ wáyà ní tààrà, wáyà yóò kàn lo ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́, owó orí rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin lórí ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó máa ra irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to pánẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ fíìfíì ju ohun tí wáyà lè gbé lọ, láàárín gígáwáàtì 17 sí 20, tí èyí tó ṣẹ́ kù ní ọ̀sán ń lọ sínú bátìrì, tí apá kan sì wà fún Darwin. Wáyà tó kún tọ̀sán tòru ń gbé gígáwáàtì-wákàtí 42 lóòjọ́. Bí oòrùn bá gbé e ní tààrà fún wákàtí 9, bátìrì ni yóò gbé wákàtí 15 tó kù, ó lé ní 26, kí á tó ka àdánù. Bátìrì gígáwáàtì-wákàtí 36 sí 42 tó wà nínú ètò wọn kò pọ̀ jù. Ọ̀sán kan tí kùrukùru bá bò ó, bátìrì yóò gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lọ jìnnà sí etí òkun, kúrò ní Darwin tí òjò rẹ̀ pọ̀ láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta.

Ohun kan tún wà nípa oòrùn. Powell Creek wà ní ìlà-oòrùn Singapore ní nǹkan bí ìwọ̀n 30, oòrùn sì ń rin ìwọ̀n 15 ní wákàtí kan. Oòrùn yóò ti wọ̀ ní Powell Creek fún wákàtí méjì kó tó wọ̀ ní Singapore. Nígbà tí àwọn ará Singapore bá ń ti ibi iṣẹ́ dé tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, pánẹ́ẹ̀lì ti sùn, bátìrì ló ń dá gbogbo rẹ̀ gbé.

Ooru ń jẹ pánẹ́ẹ̀lì náà. Bí ojú rẹ̀ bá dé 65 ní ọ̀sán gangan, ó ti pàdánù ìdá 12 sí 14 nínú 100 ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Eruku pupa ibẹ̀ ń fẹ́ nínù, omi sì ṣọ̀wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni wọ́n máa fi nù ún. Bátìrì tó bá ń kún tó sì ń gbẹ lójoojúmọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 3,650 láàárín ọdún 10, nítorí náà wọ́n ní láti kó owó pààrọ̀ rẹ̀ sínú ètò, nígbà tí wáyà lè ṣe ọdún 40.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọjọ́ tí wáyà bá já.

Ní oṣù kẹta 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó rí ohun tí wáyà abẹ́ òkun jẹ́ nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́lẹ̀. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nínú ibú kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ọkọ̀ tó ń tún un ṣe sì pọ̀ díẹ̀. Ti iná wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, títún un ṣe sì pẹ́ jù. Basslink, wáyà iná tó so erékùṣù Tasmania mọ́ ìyókù Ọsirélíà, já ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2015. Oṣù kẹfà 2016 ló tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín àkókò náà, omi ìdídò Tasmania fà dé nǹkan bí ìdá 13 nínú 100, wọ́n sì ń háyà jẹnẹrétọ̀ oní dísù kiri. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2024, Estlink 2 láàárín Fíńlándì àti Ẹstóníà já nígbà tí ọkọ̀ kan fa ìdákọ̀ró rẹ̀ lórí ìsàlẹ̀ òkun. Oṣù kẹfà 2025 ló padà. Oṣù mẹ́fà fún wáyà tí kò tó kìlómítà 200, nínú òkun tí kò jìn.

Wíwá ibi tó já ni ìdààmú àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń ta iná kékeré sínú wáyà, wọ́n á ka ìgbà tó gbà kó lọ kó sì padà. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan péré nínú 100, lórí kìlómítà 1,000, kìlómítà 10 ni ọkọ̀ á máa wá kiri. Okùn fáíbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà lè gbọ́ ìró ìdákọ̀ró tó kàn án, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gbọ́ jìnnà láti etíkun láìsí ẹ̀rọ arànṣe. Àárín òkun dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ orílẹ̀-èdè tó ni omi náà, ìyẹn Indonéṣíà, láti jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́lẹ̀ kí iná inú rẹ̀ jáde: wáyà tó gùn tó èyí lè ní nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 36 nínú bíi kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á.

Ìgbà náà ni wọ́n máa gé e, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì fa ọ̀kan sórí ọkọ̀. Níbi tó jìn, ẹnu méjì kò lè pàdé lókè omi. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tuntun láàárín, tó gùn tó ìlọ́po méjì ibú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ojú àsopọ̀ méjì fún ojú ibi kan tó já. Wọ́n máa ń pa àgọ́ sórí ọkọ̀ fún àsopọ̀ náà, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ tó sì mọ́ bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń so ó máa ń wọ aṣọ funfun bo orí bo ẹsẹ̀. Yóò ká okùn irin sẹ́yìn, yóò bó òjé, yóò sì fi ọ̀bẹ pàtàkì gbẹ́ pílásítíìkì funfun náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí ṣóńṣó bíi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbẹ́. Wọ́n á jo kọ́pà méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi pépà iyanrìn dán an títí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tí ó ti pàdé, wọ́n á fi pílásítíìkì tuntun bò ó, wọ́n á sì yàwòrán rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán egungun nílé ìwòsàn. Irun kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ pílásítíìkì yẹn ti tó láti mú kí gbogbo rẹ̀ tún bú. Àsopọ̀ kan ń lọ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìjì kò sì gbọdọ̀ dé ní gbogbo ọjọ́ náà, torí pé ọkọ̀ tó ti gbé wáyà mú kò lè kúrò lójú kan.

Nítorí èyí, tí mo bá ń wo ètò irú iṣẹ́ báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni wáyà ìkẹta. Bí pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù bá já, tí wáyà ìkẹta sì wà tí iná lè gbà padà, ìdajì iná ṣì lè máa lọ. Bí kò bá sí, méjèèjì kú papọ̀, fún oṣù mẹ́fà, bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì sì wà láìní oníbàárà àfi Darwin. Wáyà ìkẹta ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kún owó, ó sì ń wu àwọn olówó láti yọ ọ́ kúrò.

Ètò Xlinks, tó fẹ́ gbé iná láti agbègbè Guelmim-Oued Noun ní Mọ́rókò lọ sí Alverdiscott ní Devon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn tí mo rò pé ó gbọ́n. Gígáwáàtì 3.6 ni wọ́n fẹ́ kó lọ, lórí wáyà mẹ́rin, ọ̀nà méjì tó dá dúró. Tí ọ̀kan bá já, ìkejì ṣì wà. Wọ́n fi nǹkan bí gígáwáàtì 3.5 iná afẹ́fẹ́ kún 7 ti oòrùn, torí pé afẹ́fẹ́ etíkun ibẹ̀ máa ń fẹ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Nítorí ẹ̀, bátìrì gígáwáàtì-wákàtí 20 tó wọn, ìyẹn wákàtí 5 àbọ̀ iná tí wọ́n ń tà, nígbà tí ti Powell Creek lé ní wákàtí 20. Wáyà wọn tún lè máa tẹ̀ lé etíkun Portugal, Spain àti Faransé, kò ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò bíi ti Timor. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fún wọn ní àdéhùn owó iná tí wọ́n béèrè. Láìsí àdéhùn tó dá iye owó iná dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí báǹkì tó máa yá ẹnikẹ́ni lówó láti ra wáyà tó wà nísàlẹ̀ òkun.

Bí SunCable bá dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí owó, ẹ wo ìwé náà fún nǹkan mẹ́ta: kìlómítà wáyà àpamọ́ tó wà nílẹ̀ àti èbúté tó wà, ọkọ̀ tí wọ́n ti san owó ìdúró fún ṣáájú kí wáyà tó já, àti ẹni tó máa san owó gáàsì tí Singapore máa sun láàárín oṣù mẹ́fà yẹn.